Ẹ Bi Wá Léèrè: Ìkọ̀wé Akẹ́kọ̀ọ́ Ìròyìn

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kejì ni mo wà ní ẹ̀ka iṣẹ́ ìròyìn. Gbogbo iṣẹ́ tí mo bá fi sílẹ̀ ni olùkọ́ wa ń kọ sí lára pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò lágbára. Mo tún un kọ títí, ó sú mi. Kí ni mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tún un kọ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, tí ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn bá rọ, ohun tí akọ̀ròyìn gbọ́ ni kò tó. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnì kan ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ tì, ẹ padà lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ wo èyí: “Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ìpàdé lánàá lórí àkókò tí ilé ìkàwé ń ṣí.” Ìpàdé kọ́ ni ìròyìn. Ẹ wá wo èyí: “Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ alẹ́ ni ilé ìkàwé yóò máa tì dípò aago mẹ́wàá, torí pé òṣìṣẹ́ kò tó mọ́.” Ẹni tí kò béèrè ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, àkókò ti tẹ́lẹ̀ àti ohun tó fà á kò lè kọ gbólóhùn kejì yìí láéláé, bó ti wù kó mọ̀wé kọ tó.

Ta ni, kí ni, níbo, nígbà wo, kí ló fà á, báwo ni: ẹ ní ìdáhùn sí gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ má rọ́ gbogbo wọn sínú gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ 25 sí 35 tó fún ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn. Ohun tó yí padà àti àwọn tó kàn ni kó ṣáájú. Ìyókù á tẹ̀ lé e bí ó ti wúwo sí. Nígbà tí àyè kò bá tó, ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti máa ń gé e, kókó tí ẹ bá sì fi pa mọ́ sí ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn á bá a lọ.

Ìbéèrè: “Bẹ́ẹ̀ ni” àti “rárá” ni àwọn ènìyàn máa ń dá mi lóhùn tí mo bá ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ṣé àìgba ohùn wọn sílẹ̀ ló fà á?

Ìdáhùn: Rárá o, ìbéèrè yín ló fà á. “Ṣé inú yín dùn sí i?” kò lè bí ju ọ̀rọ̀ kan lọ. “Kí lẹ kọ́kọ́ ṣe nígbà tí ẹ gbọ́?” ń bí ìtàn. Ẹ béèrè ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó ń ronú kò fẹ́ kí ẹ bá òun parí ọ̀rọ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ béèrè ohun tí ẹ kò bi í tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dára jù ti sábà máa ń jáde.

Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú, torí bátìrì lè kú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fúnra rẹ̀ pe lẹ́tà orúkọ rẹ̀ fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá fẹ́ sọ ohun tí kò ní í lọ sínú ìwé, kí ẹ fẹnu kò lórí ìyẹn kó tó sọ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n tún ní ká kọ́ ìkọ̀wé ibi iṣẹ́: ìjábọ̀, àbá àti lẹ́tà. Ṣé kò ní ba ọwọ́ ìròyìn mi jẹ́?

Ìdáhùn: Á tún un ṣe ni. Ẹni tó ń ka ìjábọ̀ ní ìpinnu láti ṣe, nítorí náà ìpínrọ̀ kìíní ni kí ẹ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Ìyàtọ̀ kan ṣe pàtàkì: ìjábọ̀ lè dá àbá, ìròyìn kò gbọ́dọ̀ ti ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mò ń tẹ̀ síwájú?

Ìdáhùn: Máàkì nìkan kò lè sọ fún yín. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tí ẹ kọ́kọ́ kọ nínú gbogbo iṣẹ́ yín, kí ẹ sì ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ àtúnṣe olùkọ́ sí lábẹ́ orí mẹ́ta: òótọ́ ọ̀rọ̀, ètò, gbólóhùn. Bí àṣìṣe kan náà bá jáde lẹ́ẹ̀mẹta, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú iṣẹ́ tó kàn. Ètò ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí gbólóhùn tẹ̀ lé e, kí àmì àti lẹ́tà gbẹ̀yìn. Òfò ni kéèyàn máa tún àmì ṣe lórí ìpínrọ̀ tó máa tó pa rẹ́.

Nọ́ńbà ló ń dójú ti akẹ́kọ̀ọ́ jù. Bí àwọn tó yege bá ti 20 nínú 100 di 25 nínú 100, ẹ má kọ pé wọ́n fi ìdá 5 nínú 100 pọ̀ sí i. Lórí iye àtijọ́, ìdá 25 nínú 100 ni wọ́n fi pọ̀ sí i. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ kọ iye méjèèjì sílẹ̀. Kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ fi ìka tẹ orúkọ, ọjọ́ àti iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n wé ohun tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí àṣìṣe bá ti wọ ìwé tí wọ́n tẹ̀, ẹ sọ fún olóòtú lọ́jọ́ náà gan-an, kí àtúnṣe lè jáde nínú èyí tó kàn.