Mo Ń Sún Mọ́ 50: Ṣé Kí N Ta Ilẹ̀ Mi Lọ sí Ìdíje Gọ́ọ̀fù Àwọn Àgbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kádì, ẹni tó ń ru báàgì ọ̀pá fún agbá-gọ́ọ̀fù, ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní pápá gọ́ọ̀fù n'Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo di pro, ẹni tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni mo sì fi ń jẹun títí dòní. Ọdún tó ń bọ̀ ni màá pé 49. Mo máa ń wo ìdíje àwọn àgbà ti Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ni mo ti rí bàbá ará Jámánì kan, Bernhard Langer, tó ti lé ní 60 tó sì ṣì ń gba ife. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ dán an wò. Mo ní plọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí mo lè tà. Ṣé kí n tà á? Kí ni bàbá yẹn ń ṣe gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé pọ́tà gígùn (ọ̀pá tí a fi ń rọra gbá bọ́ọ̀lù sínú ihò) tó ń lò yẹn bá òfin mu? Ọwọ́ mi ti ń ṣe mí bákan nídìí pọ́tà láti bí ọdún mélòó kan.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ta ilẹ̀ yẹn o. Kì í ṣe pé mo ní ẹ kò mọ bọ́ọ̀lù gbá, n kò rí ọwọ́ yín rí. Ohun tí mo mọ̀ ni bí ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí, àti ẹrù tí Langer rù débẹ̀ kí ẹ tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá tiyín mu. Abúlé Anhausen, lẹ́bàá ìlú Augsburg ní gúúsù Jámánì, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1957. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ru báàgì. Nígbà tó di ọmọ ọdún 15, ó fi ilé ìwé sílẹ̀ lọ ṣe ọmọọṣẹ́ pro ní pápá kan ní Munich, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Jámánì nígbà yẹn kò pọ̀ rárá. Ìjọba mú un ṣe iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan fún ọ̀dọ́ wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣèṣe níbẹ̀. Bó ṣe rí náà nìyẹn, ó padà sí pápá.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà tirẹ̀ àti tàwa yòókù pín. Ó gba Masters, ọ̀kan lára ìdíje gọ́ọ̀fù mẹ́rin tó tóbi jù, lọ́dún 1985, ó tún gbà á ní 1993. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àtẹ ipò àgbáyé jáde lóṣù kẹrin ọdún 1986, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Òun ni balógun ikọ̀ Yúróòpù tó na Amẹ́ríkà nínú ilé wọn ní Ryder Cup 2004, ìdíje tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń kojú ara wọn, 18½ sí 9½. Oṣù kẹjọ ọdún 2007 ló pé 50. Kí oṣù kẹwàá ọdún kan náà tó parí, ó ti gba ife àkọ́kọ́ rẹ̀ láàárín àwọn àgbà, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ẹ rí i pé kò sí àlàfo kankan níbẹ̀. Kò lọ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun ní 50, iṣẹ́ tó ń ṣe bọ̀ ló ń bá lọ, pápá ló kàn yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ẹnu ọ̀nà náà. Eré kan tí wọ́n pè ní Legends of Golf, tí wọ́n ṣe ní Texas lọ́dún 1978, ló jẹ́ kí wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn ṣì fẹ́ wo àwọn àgbà agbá-gọ́ọ̀fù. Nígbà tó di 1980, ìdíje wọn fìdí múlẹ̀, òun ló di PGA Tour Champions lónìí. Ẹni tó bá ti pé 50 ló lè gbá níbẹ̀. Nínú púpọ̀ lára ìdíje wọn, ènìyàn 78 ló ń gbá, ọjọ́ mẹ́ta, ihò 54, wọn kì í sì í já ẹnikẹ́ni láàárín. Ẹni tó bá ti parí, owó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló kẹ́yìn.

Ohun tó mú un dùn yẹn náà ló mú un le. Ta ló máa wà nídìí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ tí yóò dìde kíákíá? Àwọn tó ṣe dáadáa lọ́dún tó kọjá ló kọ́kọ́ ní àyè, lẹ́yìn náà àwọn tó ti gba ife ńlá rí àti àwọn tí owó tí wọ́n ti pa láti ìgbà èwe pọ̀. Àyè tó ṣẹ́ kù fún àjèjì ni wọ́n ń du ní ìdánwò àṣewọlé tí wọ́n ń pè ní Q-School. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn márùn-ún tó bá ṣíwájú ní ìpele tó kẹ́yìn ló ń rí káàdì, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa gbá níbẹ̀, gbà. Márùn-ún péré, láti ibi gbogbo láyé. Owó ìwọlé rẹ̀ nìkan ń lọ sí ẹgbẹ̀rún mélòó kan dọ́là, ẹ kò tíì san ti físà, tíkẹ́ẹ̀tì, hòtẹ́ẹ̀lì àti kádì. Bí ẹ bá kùnà, kò sí ẹni tó máa dá kọ́bọ̀ padà fún yín. Bí mo ṣe gbọ́ pé ilẹ̀ ń gbówó lórí n'Ìbàdàn lásìkò yìí, ilẹ̀ yẹn á wúlò fún yín ju ìgbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn kan ti gba ibẹ̀ wọlé o, n kò ní purọ́ fún yín. Tom Wargo jẹ́ pro tó ní pápá kékeré tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois, ó ti lé ní 20 ọdún dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá gọ́ọ̀fù pàápàá. Ó gba ife PGA àwọn àgbà lọ́dún 1993. Ken Tanigawa ti fi iṣẹ́ pro sílẹ̀ pátápátá, ó ti padà di agbá-fún-ìgbádùn, kó tó gba Q-School wọlé nígbà tó ń sún mọ́ 50. Ní 2019, ó gba ife kan náà tí Wargo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ń gbé. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá burú, ilé ni wọ́n ń padà sí, kì í ṣe Múrítàlá.

Ẹ lè rántí Vijay Singh, ará Fíjì tó gba Nigerian Open lọ́dún 1988. Òun náà ti ṣe pro tó ń kọ́ni ní erékùṣù Borneo nígbà tí nǹkan le fún un. Ní 2018, ó gba Senior Players Championship. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń sọ ìtàn ọkùnrin yìí fún àwọn kádì wa. Àmọ́ ohun tó wà láàárín ọdún méjèèjì yẹn ni Masters kan àti PGA Championship méjì, tó wà lára mẹ́rin ńlá yẹn.

Ó yá, ohun tí Langer ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo rò pé ìwé yín ti lérè jù.

Ohun tó ń ṣe ọwọ́ yín ni àwa nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní yips, bí mo bá gbọ́ ọ yé. Bọ́ọ̀lù wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ihò, ẹ ti mọ ibi tó yẹ kó gbà, ara yín balẹ̀ nígbà tí ẹ fa pọ́tà sẹ́yìn. Bó ṣe ku díẹ̀ kó kan bọ́ọ̀lù, ọwọ́ ọ̀tún á ta fúnra rẹ̀, bí ìgbà tí iná mànàmáná gbé ènìyàn. Àìsàn yìí ti dé bá Langer ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, láti nǹkan bí ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó gbé ọwọ́ òsì sí ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí ìyẹn náà dẹ́kun iṣẹ́, ó na ọwọ́ òsì sísàlẹ̀ lára ọ̀pá títí òkè ọ̀pá pọ́tà fi lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ ọ̀tún di apá àti ọ̀pá mú pọ̀ gírígírí, kí ọrùn ọwọ́ má baà rí àyè mì. Kò dára lójú rárá. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ló fi gba Masters ti 1993. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí pọ́tà gígùn.

Ní Ryder Cup 1991 ní Kiawah Island, gbogbo ìdíje náà wá dúró lórí ìgbá pọ́tà rẹ̀ kan ṣoṣo ní ihò ìkẹyìn, láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí ihò, Hale Irwin ará Amẹ́ríkà ló ń bá a gbá. Bọ́ọ̀lù kò wọlé, Amẹ́ríkà gbé ife lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Langer gba ìdíje ní Jámánì. Irwin yìí kan náà ló di àkọsílẹ̀ ife 45 mú láàárín àwọn àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Langer bá a dọ́gba ní Florida lóṣù kejì ọdún 2023, ó sì kọjá rẹ̀ lóṣù keje ọdún yẹn ní U.S. Senior Open ní Wisconsin, ọmọ ọdún 65. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dà á tó bẹ́ẹ̀ ló ṣe èyí. Nítorí náà, ẹ má ka ọwọ́ gbígbọ̀n sí ìparí iṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ bí ẹ ṣe ń di pọ́tà mú, ẹ má tijú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń wò yín, kí ẹ sì fún ìyípadà náà ní oṣù díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

Ní ti agbára, kò ní í púpọ̀. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń bá a díje ló ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù ú lọ. Ní Masters tó fi dágbére lóṣù kẹrin 2025, ní pápá Augusta tó gùn ju yáàdì 7,500 lọ, igi gígùn (ọ̀pá tó ń gbé bọ́ọ̀lù jìnnà) ló ń mú síbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń mú áyọ́ọ̀nù kúkúrú (ọ̀pá tí a fi ń gbá ibi tó sún mọ́). Síbẹ̀, ìgbá kan péré ló fi pàdánù àyè láti gbá ní òpin ọ̀sẹ̀, ní ọmọ ọdún 67. Bọ́ọ̀lù tó bá fi dráífà, ọ̀pá tí a fi ń gbá ìgbá àkọ́kọ́, gbá ń dúró sí àárín ọ̀nà, ó sì mọ yáàdì tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ń gbé dájú. Olùkọ́ kan ṣoṣo, Willi Hofmann, ló tọ́jú ọwọ́ rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwa níhìn-ín, bí bọ́ọ̀lù bá ti ń yà sápá ọ̀tún fún ọ̀sẹ̀ méjì, fídíò tuntun la ń wá kiri.

Lóṣù kejì 2024, níbi tó ti ń ṣeré kan tó fara jọ tẹníìsì, iṣan tó wà lókè gìgísẹ̀ rẹ̀ já. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ó ti padà sí ìdíje, inú kátì, ọkọ̀ kékeré inú pápá, ló jókòó sí, nítorí wọ́n fàyè gba kátì nínú púpọ̀ lára ìdíje àgbà. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn ní Phoenix, ó fi pọ́tà gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò ìkẹyìn láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30, ó sì borí pẹ̀lú ìgbá kan. Ife 47 nìyẹn. Láti 2007 dé 2024, kò sí ọdún kan tí kò gba ó kéré tán ọ̀kan. Ara tó lè tètè dìde báyìí kì í ṣe ti oṣù mẹ́ta, ó ti ń tọ́jú rẹ̀ tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo orúnkún àti ẹ̀yìn yín báyìí, kí ẹ sì máa na ara láràárọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá. Àwa tó ti ru báàgì láti kékeré, ẹ̀yìn wa kì í sọ̀rọ̀ títí tó fi máa pariwo.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí màá ṣe rèé. Màá fi ọdún kan gbá ìdíje ní pápá tí kì í ṣe ilé mi, Ìkòyí, Ìkẹjà, Abuja, láti tíì (ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ihò) tó wà lẹ́yìn pátápátá, màá sì kọ gbogbo káàdì sílẹ̀ láìyọ èyí tó burú kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ gba ife láàárín àwọn àgbà Amẹ́ríkà ní láti gbá nǹkan bí ìgbá 67 tàbí 68 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta; bí ìgbá bá ṣe kéré tó ló dára tó. Bí ìpíndọ́gba tiyín lójúmọ́ bá ń fì sí 73 ní Ìkòyí, Q-School kì í ṣe tiyín lọ́dún yẹn. Bó bá ń sún mọ́ 69, ẹ má tíì wo Amẹ́ríkà náà, ẹ wo Senior Open tí R&A, àjọ gọ́ọ̀fù ní Bìrìtéènì, ń ṣe. Ẹni tó bá ti pé 50 lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje àṣewọlé rẹ̀, ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń gbá a, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀kan ló ń náni. Yúróòpù náà ní ìdíje àgbà tirẹ̀ láti 1992, Legends Tour ni wọ́n ń pè é báyìí. Owó ibẹ̀ kéré sí ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ibi tí ẹ dúró sí láìta nǹkan kan. Kí ẹ wá onígbọ̀wọ́ láàárín àwọn tí ẹ ń kọ́, kí ẹ sì bá wọn kọ àdéhùn sínú ìwé.

Pọ́tà gígùn bá òfin mu, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí wọ́n fòfin dè láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2016 ni kí ẹ fi ìdí ọ̀pá tàbí ọwọ́ tó dì í mú ti àyà tàbí ikùn, kí ibẹ̀ dúró bí òpó tí pọ́tà á máa fì lórí rẹ̀. Òfin 10.1b ni ẹ máa kà. Ẹ rọra fa ọwọ́ òkè kúrò lára aṣọ kí àyè hàn láàárín, gẹ́gẹ́ bí Langer ṣe ń ṣe. Ẹ yẹra fún aṣọ tó tóbi jù lọ́jọ́ ìdíje, torí bí aṣọ bá ń kan ọwọ́ yín, ẹni tí ẹ jọ ń gbá lè pe adájọ́. Kíkan aṣọ lásán kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá rí i pé ẹ fi ọwọ́ ti ara, ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ìgbá méjì.