Kí ló dé tí gbèsè ìwọ̀fà kì í dín?

Ìbéèrè tó wá ni pé: nínú àwọn ìtàn àtijọ́, bàbá kan á yáwó, á fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ á ṣiṣẹ́ títí ọdún á fi gorí ọdún, síbẹ̀ olówó á ní gbogbo owó òun ṣì wà lọ́rùn wọn. Ṣé ìrẹ́jẹ ni? Ṣé ẹrú sì ni ọmọ náà?

Lójú àwọn tó ṣe àdéhùn náà, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, ọmọ náà kì í sì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Ojú owó dá dúró lọ́tọ̀. Ká ní ọ̀kẹ́ kan ni bàbá yá, ìyẹn 20,000 owó ẹyọ. Bí ọmọ bá sìngbà oṣù mẹ́ta, ọ̀kẹ́ kan ni wọn yóò san; bó sìngbà ogún ọdún, ọ̀kẹ́ kan náà ni. Ikú pàápàá kì í pa á rẹ́: bí ìwọ̀fà bá kú, ará ilé rẹ̀ ní láti mú ẹlòmíràn wá tàbí kí wọ́n wá owó. Ọrùn ẹbí ni gbèsè wà, ẹni tó ń roko kàn ń gbé e ni.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ olówó, onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Òun ni olówó máa dì mú bí ìwọ̀fà bá sá lọ. Àgbàlagbà tó ń sìngbà kì í kó lọ sílé olówó. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sí ìwọ̀n oko 100 ebè iṣu. Ẹni tó bá tètè jí á ti ṣe é tán kí oòrùn tó mú, á sì gba oko tirẹ̀ lọ, níbi tó ti lè rí owó tí yóò fi ra ara rẹ̀ padà. Olówó ò gbọ́dọ̀ tà á. Bó bá sì fipá bá ọmọbìnrin tó ń sìngbà lò pọ̀, owó rẹ̀ gbé nìyẹn.

Ti ọmọdé ló yàtọ̀. Ilé olówó ló ń gbé, olówó ló ń bọ́ ọ, gbogbo ọjọ́ rẹ̀ sì di ti olówó. Kò ní oko tirẹ̀, kò lè ra ara rẹ̀. Lójú tèmi, ìdí tí onítàn fi ń lo ọmọdé nìyẹn: ọwọ́ àwọn tó jẹ gbèsè náà ni òmìnira rẹ̀ wà.

Ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìnáwó òkú ni, tí wọ́n pa màlúù kí ayé lè rí wọn, onítàn ń bá ẹbí wí ni. Ṣùgbọ́n ní ayé ogun ọ̀rúndún 19, ọ̀pọ̀ ilé yáwó láti ra ará wọn tí ogun kó padà, wọ́n á wá fi ọmọ mìíràn sílẹ̀ nítorí owó yẹn. Ẹnì kan bọ́ nínú ìdè, ẹnì kan wọ inú iṣẹ́. Ẹ má kánjú dá bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ohun tó ń sá fún tún wà, ìyẹn ológò: ẹni tí olówó rán wá jókòó ti onígbèsè nílé, tí yóò máa bú u, tí yóò sì máa ki adìẹ àti ewúrẹ́ agboolé mọ́lẹ̀ títí owó á fi jáde.

Ní ti ìrẹ́jẹ, òfin òde òní gbà pẹ̀lú ẹni tó béèrè. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1956 ka fífi ènìyàn dúró fún gbèsè mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ fòpin sí, bí iṣẹ́ tó ń ṣe kò bá dín gbèsè náà kù, tàbí bí kò bá ní gbèdéke.