Má tíì pààrọ̀ bátìrì yẹn

Àbúrò mi, o sọ pé MacBook Pro oní-ínṣì 15 tí o rà ní Ṣàgámù ń lo wákàtí mẹ́fà lórí macOS, ṣùgbọ́n bó o bá ti gba Boot Camp, ètò Apple tó ń jẹ́ kí Mac tan Windows, bọ́ sí Windows, wákàtí méjì àtààbọ̀ ló ń kú, o sì fẹ́ lọ pààrọ̀ bátìrì. Jọ̀ọ́, dá owó ẹ padà sápò ná.

Èmi ti ra bátìrì yẹn rí. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, CorelDRAW tí mo sì ní, Windows nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tí Ojúde Ọba kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá kan nínú régbérégbé wọn gbé iṣẹ́ wá, wọ́n jókòó tì mí. NEPA mú iná, epo ò sí nínú jẹnẹrétọ̀, láptọ́ọ̀pù bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú wọn. Ìtìjú yẹn ló lé mi dé ọ̀dọ̀ oníbátìrì. Ó fi tuntun sí i, ó gbowó. Mo délé, mo tan Windows: wákàtí méjì àtààbọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lowó mi rà! Ọmọ Ìjẹ̀bú tòótọ́ á mọ bó ṣe dùn mí tó.

Mi ò tiẹ̀ kọ́kọ́ wo Cycle Count, iye ìgbà tí a ti lo bátìrì tán tí a sì tún gba iná sí i, nínú System Information ti macOS, lábẹ́ Power. Ẹgbẹ̀rún kan ni Apple kà fún irú bátìrì yẹn. Tèmi ò tíì pé 400 nígbà tí mo sọ ọ́ nù.

Graphics, ṣípù tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, lọ̀rọ̀ wà. MacBook Pro 2015 tèmi yìí ní méjì: Iris Pro ti Intel, tí kì í jẹ iná púpọ̀, àti Radeon R9 M370X, alájẹkì. Lórí macOS, ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń yàn: iṣẹ́ kékeré fún Intel, iṣẹ́ ńlá fún Radeon. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí i pé Windows ló ń bọ̀, á fi Intel pamọ́ pátápátá. Ṣí Device Manager, tẹ Display adapters, Radeon nìkan lo máa bá níbẹ̀. Notepad lásán lo ṣí o, Radeon náà ni. Bí ẹni gbé tírélà lọ ra gààrí kóńgò kan ni.

Àwọn kan máa ń fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ apple_set_os purọ́ fún ẹ̀rọ pé macOS ló ń bọ̀, kí Intel lè yọjú. Mo dán an wò, ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù, odidi ọjọ́ kan ni mo fi tún un ṣe. Bí iṣẹ́ oníbàárà bá wà nínú tìẹ, fi í sílẹ̀.

Ohun tó gbè mí: nínú Power Options ti Windows, mo wá Maximum processor state, mo fi On battery sí 99%. Ìyẹn ń pa Turbo Boost, eré àsápajúdé tí processor ń sá, ooru dínkù, fáànù dákẹ́. Mo tún dín ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ kù sí ìdajì. Báyìí mo ń rí wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀, àyàfi tí mo bá ń export bánà ńlá. Mẹ́fà ti macOS? Gbàgbé ẹ̀.

Iṣẹ́ kéékèèké, Parallels, ètò tó ń ṣí Windows láìkúrò lórí macOS, ni mò ń fi ṣe wọn báyìí, mo sì ń yẹ Energy wò nínú Activity Monitor: tó bá kọ Integrated síbẹ̀, Intel nìyẹn, ọkàn mi balẹ̀. Má so mọ́nítọ̀ mọ́ ọn nígbà tí iná bá lọ o, Radeon ni yóò jí.

Ẹni tí ò bá tíì rà, 15 ti 2015 tó ní Iris Pro nìkan wà, kò ní ìyọnu yìí. Mac oní-M1, ṣípù Apple fúnra ẹ̀, tó jáde ní November 2020 ò tiẹ̀ ní Boot Camp rárá.

Ṣí Device Manager yẹn lálẹ́ yìí, kó o sọ ohun tó o rí fún mi.