Piriton àti oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ Màmá

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní wọ́n ń lo atorvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, eruku ọyẹ́ Ìkòròdú sì ti dí wọn nímú. Ṣé wọ́n lè lo oògùn àlẹ́jì pọ̀ mọ́ ọn?

Wọ́n lè lo loratadine tàbí cetirizine. Méjèèjì kì í bá atorvastatin jà. Piriton náà kì í bá a jà, ṣùgbọ́n ó máa ń kun àgbàlagbà lóorun jù, ó sì lè kọ́ wọn lóòyì. Mi ò fẹ́ kí Màmá ṣubú ní balùwẹ̀ lóru.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyí. Simvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti Màmá, ni Bàbá mi ń lo. Ikọ́ eruku gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn kan, wọ́n ta erythromycin, oògùn apakòkòrò tó ń bá simvastatin jà, fún wọn láìbéèrè ohunkóhun. Nígbà tó yá, wọn ò lè dìde lórí àga láìdi ògiri mú. Itan ń ro wọ́n, ìtọ̀ wọn dúdú bí omi àgbo. Ojú ẹsẹ̀ ni dókítà dá oògùn méjèèjì dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú páálí oògùn Màmá dání lọ bá apòògùn, kó rí i kó tó ta òmíràn fún yín.