Àgúnmu Mọ̀ríńgà Kò Lè Rọ́pò Fítámì B12 fún Ẹni Tí Kì Í Jẹ Ẹran

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mò ń gbé, ẹni ọdún 38 ni mí, iṣẹ́ sì máa ń gbé mi lọ sí Àbújá ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó ti pé ọdún 3 tí mo ti pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá. Ìṣòro mi ni ohun tí n ó máa jẹ lójú ọ̀nà, nítorí ó máa ń rẹ̀ mí púpọ̀ tí mo bá dé, àtẹ́lẹsẹ̀ mi a sì máa ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Mo rò pé ìjókòó pípẹ́ ni. Mo ti jáwọ́ nínú oògùn B12 tí nọ́ọ̀sì kan ní kí n máa lò, nítorí ẹni tó ń ta àgúnmu nínú bọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé gbogbo fítámì ló wà nínú ewé mọ̀ríńgà, ó ní ṣebí koríko ni màlúù ń jẹ tí B12 fi wà nínú ẹran rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè mú kí ìrìn àjò rọ̀ mí lọ́rùn? Mo tún fẹ́ wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí òkè òkun.

ÌDÁHÙN: Oúnjẹ ojú ọ̀nà kọ́ ni ìṣòro yín. Mo ka lẹ́tà yín dé ibi tí ẹ ti dárúkọ àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ ná, nítorí ẹni tí kò jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá fún ọdún 3, tó tún jáwọ́ nínú oògùn B12, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ru ìjókòó ọkọ̀ kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. N kò fojú rí yín, n kò sì lè jókòó sí Ìlọrin kí n sọ pé àìtó B12 ló ń ṣe yín. Àtọ̀gbẹ lè fa irú rẹ̀, ọtí àmujù lè fà á, àwọn oògùn mìíràn náà sì lè fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gba oògùn lọ́wọ́ yín kò jóòótọ́, ẹ̀yin sì kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kọ ọ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ màlúù, nítorí òun ló ń tan àwọn èèyàn jẹ jù. Òótọ́ ni pé koríko ni màlúù ń jẹ, òótọ́ sì ni pé B12 wà nínú ẹran rẹ̀, ṣùgbọ́n koríko kọ́ ló fún un. Kò sí ewéko tàbí ẹranko tó lè fúnra rẹ̀ ṣe fítámì yìí. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí nìkan ló ń ṣe é. Nínú ṣàkì màlúù, ṣàkì tí ẹ̀yin náà ti jẹ rí kí ẹ tó pa ẹran tì, ni àwọn kòkòrò yìí pọ̀ sí, tí wọ́n ń fi èròjà ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní cobalt, èyí tó bá koríko wọlé, ṣe B12. Bí oúnjẹ bá wá kúrò ní ṣàkì, ó ń bọ̀ wá sínú ìfun tóóró, ibẹ̀ sì ni màlúù ti ń fa B12 náà sínú ẹ̀jẹ̀. Àwa èèyàn ní irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ìfun ńlá ni tiwa ń gbé, ìparí ìfun tóóró sì ni ara wa ti ń gba B12. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣe é, ó ti kọjá ibi tí à bá ti gbà á, ilé ìgbẹ́ ló ń lọ. Irú ìṣòro yìí kan náà ni ehoro ní, ọgbọ́n tó sì dá sí i ni pé ó ń jẹ lára ìgbẹ́ ara rẹ̀. N kò rò pé oníṣòwò inú bọ́ọ̀sì sọ ìyẹn fún yín.

N kò bá mọ̀ríńgà jà o. Ewé gidi ni, èròjà irin àti kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó máa fi se ọbẹ̀. B12 ni kò sí níbẹ̀, bí wọ́n sì gbẹ ẹ́, tí wọ́n gún un, tí wọ́n kù ú, kò ní ti ibẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn kan á ní irú tí a fi ń se ọbẹ̀ ńkọ́, ṣebí kòkòrò ló ń mú un rà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kòkòrò ló ń ṣe B12, kò sì sí ẹni tó lè fọkàn tán ìwọ̀nba tó bá wà nínú irú tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ti spirulina, ohun aláwọ̀ ewé inú omi tí wọ́n ń gbẹ, tí wọ́n sì ń tà bí àgúnmu, tún burú jù, nítorí ohun tó jọ B12 tí ara èèyàn kò lè lò ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìdí tí irọ́ yìí fi ń pẹ́ kó tó tú ni pé àgbàlagbà kò nílò ju nǹkan bíi máíkírógíráàmù 2.4 lọ lójúmọ́, ẹ̀dọ̀ sì lè kó èyí tí yóò tó ọdún mélòó kan pamọ́. Ẹni tó pa ẹran tì lónìí lè wà láìsí àpẹẹrẹ kankan fún ọdún 2 tàbí 3, yóò sì máa rò pé àgúnmu ló gbé òun ró, nígbà tó jẹ́ pé ẹran àtijọ́ ló ń ná. Ewu kejì ni pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú ní folate, ìbátan folic acid tí wọ́n ń fún àwọn aboyún, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dára lójú nígbà tí àwọn iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ń bàjẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ PCV yín, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, nìkan wò kó ní kí ẹ máa lọ sílé.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ òfì wọlé tọ̀ mí wá nígbà kan. Ó jókòó, ó kí mi dáadáa, ó ń ṣàlàyé pé ara òun kàn ń wúwo ni, títí nọ́ọ̀sì fi gbé bàtà kan wọlé láti ẹnu ọ̀nà tó ń béèrè ẹni tó ni ín. Ìyá náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀: bàtà wà ní ọ̀kan, ìkejì wà lórí sìmẹ́ńtì tútù lásán, kò sì mọ̀. PCV rẹ̀ dára. B12 rẹ̀ ló ti lọ sílẹ̀ jìnnà. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bọ̀ sípò tán.

Bí ẹ bá rò pé mo kàn kórìíra oúnjẹ ewéko ni, ẹ wo Vegan Society, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1944. Àwọn gan-an ló ń sọ fún àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n lo máíkírógíráàmù 10 ó kéré tán lójúmọ́, tàbí 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Èyí tí à ń lò lọ́sẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí díẹ̀ péré ni ara ń gbà nínú oògùn ńlá kan ṣoṣo. Ìwọ̀n ẹni tí ara rẹ̀ le nìyẹn o. Ẹni tó ti ní àpẹẹrẹ, dókítà ni yóò sọ bóyá abẹ́rẹ́ ló kàn. Ẹ ka ara páálí, kí ẹ rí cyanocobalamin tàbí methylcobalamin, orúkọ tí B12 ń jẹ́ lára páálí, níbẹ̀, nítorí B complex (àkópọ̀ àwọn fítámì B) mìíràn wà tí B12 kò sí nínú rẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ kápúsù, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe èèpo rẹ̀, torí awọ àti egungun ẹran ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe gelatin. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Ó kù ti ojú ọ̀nà, kò sì le tó bí ẹ ṣe rò. Bí ẹ bá bi olóúnjẹ ní Lọ́kọ́jà pé ṣé ẹran wà nínú ọbẹ̀, á ní kò sí, kò sì purọ́, nítorí lójú tirẹ̀ ẹja kì í ṣe ẹran, edé kò tilẹ̀ tó ohun tí à ń dárúkọ. Ẹ dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: edé, pańla, ẹyin, àti magí, nítorí edé tàbí adìyẹ wà nínú magí mìíràn. Wàrà Fúlàní ńkọ́? Wàrà ẹ̀wà sóyà ni kí ẹ béèrè. Ewé bọmubọmu tí wọ́n fi mú ti Fúlàní dì kò sọ mílíìkì di ewéko. Láti ilé, ẹ di ẹ̀kọ, àkàrà tí ẹ fúnra yín dín, ẹ̀pà, dọ̀ǹkúwà àti ọsàn dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ jẹ àkàrà náà, nítorí nínú ooru tiwa yìí, oúnjẹ sísè kò yẹ kó ju wákàtí kan sí méjì lọ láìsí yìnyín. Ní ti ọkọ̀ òfurufú, ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì pé oúnjẹ VGML, orúkọ tí wọ́n ń pe oúnjẹ tí kò ní ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, ni ẹ fẹ́, kó má sì dín ní wákàtí 24 ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra.

Kí ẹ tó tún wọ ọkọ̀ Àbújá, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ ní kí wọ́n wọn B12 àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà kí ẹ tó padà sórí oògùn bí ó bá lè ṣeé ṣe, kí èsì má baà rú wọn lójú. Ẹ sì gbé ike àgúnmu yẹn dání, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹ ti ń lò.