Ìdodo lè dúró, ìpá ọmọ kì í dúró

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé oṣù 4. Ìdodo rẹ̀ máa ń yọ síta bó bá ń sunkún, ìyá ọkọ mi sì ní kí n fi owó ẹyọ dè é. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún ń rí kókó kan lápá ọ̀tún, níbi tí itan ti pàdé ikùn. Ṣé ohun kan náà ni méjèèjì? Ìyá ọmọ kan, Kétu.

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Nínú méjèèjì, ìfun ló ń gba ojú ihò yọ. Ṣùgbọ́n ihò kan máa ń dí fúnra rẹ̀, èkejì kì í dí.

Ti ìdodo, ibi tí ìwọ́ gbà wọlé ni kò tíì pàdé. Bó bá ti sùn, ẹ fi orí ìka tẹ̀ ẹ́ wọlé jẹ́jẹ́: ẹ ó gbọ́ tí ìfun á kùn lábẹ́ ìka, ẹ ó sì mọ etí ihò náà yípo. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń dí kí ọmọ tó pé ọdún 4 tàbí 5. Èyí tó bá fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ ló sábà máa ń gba iṣẹ́ abẹ. Ìfẹ́ ló mú ìyá àgbà dárúkọ owó ẹyọ, àmọ́ ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n: òógùn abẹ́ owó á bó awọ ìdodo, egbò á dé, ihò ò sì ní tìtorí ẹ̀ dí.

Kókó ẹ̀bá itan yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ó jọ ìpá. Inú ikùn ni kóró ẹpọ̀n ti ń dàgbà. Láti nǹkan bí oṣù 7 oyún ló ń gba ọ̀nà tóóró kan sọ̀kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀, ọ̀nà náà sì yẹ kó dí lẹ́yìn rẹ̀. Ti ọ̀tún ló ń sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí ìpá ọ̀tún fi pọ̀ ju ti òsì. Bó bá jẹ́ omi nìkan ló ń gba ibẹ̀, àpò á kàn wú, ó sì lè fà kí ọmọ tó pé ọdún 2. Bó bá jẹ́ ìfun, kò sí àgbo tó lè dí i. Iṣẹ́ abẹ ni, kò sì yẹ kó pẹ́, torí ọdún àkọ́kọ́ ni ìfun máa ń há jù. Àwọn ọmọbìnrin pàápàá a máa ní ìpá.

Bó bá há, kókó náà á le, kò ní wọlé mọ́, ọmọ á máa ké láì dákẹ́, á sì máa bì, nígbà míì èébì aláwọ̀ ewé. Ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un lọ́mú, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ lóru. Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ìfun tó há; láàárín wákàtí mélòó kan ìfun náà lè kú, kóró ẹpọ̀n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì lè bá a lọ.

(Irú mìíràn wà tó ń hàn lọ́jọ́ ìbí: ìfun tó gòkè sí àyà, tí ọmọ ò fi lè mí dáadáa, tàbí ìfun tó wà níta gbangba. Wọn kì í dúró de ọ̀la.)

Lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí ẹni tó ń ṣe abẹ ọmọdé níbẹ̀, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kí ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ya kókó náà nígbà tí ọmọ bá ń sunkún, torí ó lè ti wọlé kí ẹ tó dé iwájú dókítà.