Èsì: Òòyì tó ń kọ́ àwọn tí ẹ ń fi awò VR kọ́ níṣẹ́ ológun

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Òòyì àti ìrìndọ̀ tí ẹ ní ó ń mú àwọn ọ̀dọ́ yín ní Adó-Èkìtì kì í ṣe àìlera. Awò VR máa ń bo ojú, a sì fi ayé tí kọ̀ǹpútà yà han ẹni tó dé e; ọ̀nà tí ẹ gbà ń mú wọn rìn nínú àwòrán náà, ìyẹn bọ́tìnnì títẹ̀, ló fà á. Ojú ń rí i pé ara ń sáré, ṣùgbọ́n inú etí, níbi tí ara ti ń mọ ìdúró àti ìrìn, ń sọ pé onítọ̀hún kò kúrò lójú kan. Ó dà bí ẹni tó ń kàwé nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Ẹ má lo bọ́tìnnì fún ìrìn mọ́; ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo. Èyí kò ṣeé ṣe àfi bí awò yín bá lè mọ̀ bí ẹni tó dé e ṣe ń kúrò níbì kan bọ́ síbòmíràn. Èyí tí wọ́n ń ki fóònù bọ̀ inú rẹ̀, tí ó mọ ìyíkiri orí nìkan, kò lè ṣe é.

Ẹ tún àlàfo àárín jígí méjèèjì inú awò náà ṣe kí ó bá àlàfo àárín ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan mu.

Kì í ṣe pé awò yín kò wọ́n tó: àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó dán IVAS wò, awò ológun tí Microsoft ṣe, tó ń fi àwòrán lé orí ohun tí ojú ń rí, ráhùn orí fífọ́ àti ìrìndọ̀.

Ẹni tí òòyì bá kọ́, kí ó bọ́ awò lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó má sì gun ọ̀kadà lọ sílé títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.